Wọ́n wá wo ilé gàrí mi, wọ́n jẹ gàrí, wọn ò yá mi lówó. Kí ni báńkì ń wá gan-an?

Onígàrí_Ìgbó · Ọjọ́ Ajé, 8:14 alẹ́

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ gbogbo ilé o. Ìjẹ̀bú-Igbó ni mo wà, gàrí ni mò ń ṣe, ó ti di ọdún kọkànlá báyìí. Gàrí Ìjẹ̀bú ojúlówó ni o, èyí tó máa ń sùn nínú àpò fún ọjọ́ mẹ́ta sí mẹ́rin títí á fi kan dáadáa, kì í ṣe ìyẹn tí wọ́n ń dín lọ́jọ́ tí wọ́n rẹ́gẹ́ ẹ̀ tí wọ́n wá ń fi orúkọ wa tà. Ẹ̀rọ ìrẹgẹ́ kan ni mo ní, jáàkì méjì tí a fi ń fún omi ẹ̀gẹ́, agbada mẹ́fà. Obìnrin mẹ́jọ ló ń bá mi ṣiṣẹ́. Lọ́sẹ̀ tí ẹ̀gẹ́ bá dáa, à ń rí tó ogójì àpò.

Wàhálà mi nìyí. Nígbà tí ẹ̀gẹ́ bá pọ̀ lóko tó sì wà ní pọ́ọ́kú, n kì í ní owó lọ́wọ́ tí mo lè fi ra odidi oko. Ìgbà tó bá wọ́n ni mò ń rà á ní kẹ̀kẹ́ kan, kẹ̀kẹ́ méjì. Ẹ̀rọ kan ṣoṣo yẹn náà, bó bá dákú láàárọ̀, gbogbo wa á jókòó máa wo ojú ara wa títí mẹkáníìkì á fi dé. Ni mo bá ní kí n lọ yá mílíọ̀nù mẹ́fà náírà: ẹ̀rọ kejì, jáàkì tuntun, ìyókù kí n fi sanwó oko sílẹ̀.

Báńkì mẹ́ta ni mo lọ. Ní ti àkọ́kọ́, ọmọbìnrin tó wà nídìí tábìlì ò jẹ́ kí n parí ọ̀rọ̀. "Mama, ẹ ní C of O?" Ìwé ẹ̀rí ilẹ̀ ti ìjọba ló ń béèrè. Mo ní ilé oníyàrá mẹ́rin wà, orí ilẹ̀ ìdílé ni ọkọ mi kọ́ ọ sí. Ó ní ṣé Èkó ló wà. Ìkejì ní kí n kọ́kọ́ fi mílíọ̀nù mẹ́fà pamọ́ sọ́dọ̀ wọn kí wọ́n tó yá mi ní márùn-ún. Bí mo bá ní mílíọ̀nù mẹ́fà, kí ni mo wá wá síbẹ̀?

Ìkẹta ló dùn mí jù. Àwọn ọkùnrin méjì wá láti ọ̀dọ̀ wọn. Ọ̀kan ya ẹ̀rọ ní fọ́tò, ó fi ẹsẹ̀ wọn ilẹ̀ ilé, ó béèrè iye àpò, ó ń kọ ọ́ sílẹ̀. Mo fún wọn ní gàrí àti àgbọn, wọ́n jẹ ẹ́ tán, wọ́n tún di díẹ̀ lọ́wọ́. Wọ́n ní Mọ́ńdè wọ́n á pè mí. Oṣù kẹrin rèé.

Kí ẹnì kan là á yé mi. Owó tí gbogbo wa ń kó lọ síbẹ̀, ta ni wọ́n ń yá?

Gbéborùn · Ọjọ́ Ajé, 8:31 alẹ́

Ẹni tó ti ní ni wọ́n ń yá. Kò sí nǹkan mìíràn tó wà ńbẹ̀. Olówó ńlá á kó ọgọ́rọ̀ọ̀rún mílíọ̀nù, kò ní san, wọ́n á dá AMCON, ilé iṣẹ́ ìjọba, sílẹ̀ ní 2010 kó wá ra gbèsè rẹ̀. Onígàrí tí ò jẹ ẹnikẹ́ni, wọ́n á jẹ gàrí rẹ̀ lọ.

Ọ̀gá_Kírẹ́díìtì · Ọjọ́ Ajé, 10:02 alẹ́

Ẹ kú iṣẹ́ mà. Ọdún mẹ́rìnlá ni mo fi jókòó sídìí ìwé ẹ̀yáwó ní báńkì kan, mo sì ti kúrò níbẹ̀ báyìí, torí náà n ò gbèjà ẹnikẹ́ni. Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí mo rí.

Ẹ mú ọgọ́rùn-ún náírà tí ẹ kó wá sí báńkì. CBN, báńkì àgbà ilẹ̀ wa, á gba ìdajì rẹ̀ lọ pamọ́. CRR ni wọ́n ń pè é. Báńkì ò lè fọwọ́ kàn án, CBN ò sì ní san èlé kankan lé e. Nínú ìdajì tó kù, òfin tún ní kí wọ́n fi díẹ̀ sípò tí wọ́n á ti tètè rí i bí oníbàárà bá wá gbowó rẹ̀. Ìyókù ni gbogbo wa ń dù, ẹ̀yin, ilé iṣẹ́ sìmẹ́ǹtì, àwọn tó ń kó epo wọlé, àti ìjọba fúnra rẹ̀.

Ìjọba gan-an ni ẹ ò rí lójú yẹn. Ní 2024, ẹni tó bá fi owó ra tíréṣọ́rì bíl ọdún kan, ìwé tí ìjọba fi ń yáwó, ń gba èlé tó ju 20% lọ. Kò ní wá wo ẹ̀rọ, kò ní béèrè onídùúró, ìjọba ò sì ní palẹ̀ mọ́ lóru kúrò ní Ìjẹ̀bú-Igbó. Ká ní èmi ni mo ni owó yẹn, ìjọba ni mo máa yá. N ò fẹ́ purọ́ fún yín.

Ohun kejì: ìwé mílíọ̀nù mẹ́fà àti ìwé ẹgbẹ̀ta mílíọ̀nù, iṣẹ́ kan náà ni. Lọ́yà kan náà, àbẹ̀wò kan náà, fọ́ọ̀mù kan náà. Èlé tí mílíọ̀nù mẹ́fà á mú wá kò tó owó epo ọkọ̀ àwọn tó wá bẹ̀ yín wò bí wọ́n bá ń wá lóṣooṣù.

Ẹ̀kẹta, èyí tó kan yín jù: àwọn méjì tó wá yẹn ò ní àṣẹ. Wọ́n kàn máa kọ ohun tí wọ́n rí ni, wọ́n á fi ránṣẹ́ sí ìgbìmọ̀ kan ní Èkó. Àwọn tó jókòó síbẹ̀ ò mọ Ìjẹ̀bú-Igbó, wọn ò rí àwọn obìnrin mẹ́jọ yẹn. Bébà ni wọ́n ń kà, gàrí kì í ta sánsán níbẹ̀. Ohun tí wọ́n kọ́kọ́ ń ṣí ni sítétímẹ́ǹtì àkáǹtì. Ogójì àpò lọ́sẹ̀, ó yẹ kí owó rẹ̀ máa wọlé tó ń jáde lójú wọn.

Ìbéèrè mi nìyẹn, mà. Owó gàrí yín, àkáǹtì wo ló ń wọ̀?

Ìwé_Owó · Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 7:20 àárọ̀

Ọ̀gá, ẹ ṣeun, àmọ́ ẹ jẹ́ kí n tún un ṣe díẹ̀. Ìdajì tí ẹ sọ yẹn, 50%, ti oṣù kẹsàn-án 2024 ni. Nígbà tó di oṣù kẹsàn-án 2025, wọ́n dín in kù sí 45% fún báńkì ìṣòwò. Oṣù yẹn náà ni CBN dín èlé ìpìlẹ̀ rẹ̀, MPR, kù láti 27.5% sí 27%. Ẹ rántí pé ní ìbẹ̀rẹ̀ 2022, 11.5% ni MPR wà. Bí CBN bá ti dúró sórí irú iye bẹ́ẹ̀, báńkì á bu tirẹ̀ lé e kó tó kàn yín. Ẹni tó bá sọ fún yín pé òun á bá yín gba owó báńkì ní 15%, ẹ bi í pé owó èwo.

Ẹ tún fo ohun kan. Ní 2019, CBN fi ipá mú báńkì pé kí wọ́n yá ìdá 60 nínú ọgọ́rùn-ún owó tí àwọn ènìyàn fi pamọ́, kí ọdún yẹn tó parí wọ́n tún gbé e sí 65%. Báńkì tí ò bá ṣe é, wọ́n á fi kún CRR rẹ̀. Ẹni tó bá sì yá oníṣòwò kéékèèké, wọ́n á ka náírà kan rẹ̀ sí náírà kan ààbọ̀. Ṣé òfin yẹn ò ran àwọn bíi Ìyá Onígàrí lọ́wọ́ ni?

Ọ̀gá_Kírẹ́díìtì · Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 7:55 àárọ̀

Mo gbà, 45% ni. Ó ti pẹ́ tí mo ti kúrò níbẹ̀.

Ní ti 2019 yẹn, ẹ máa rẹ́rìn-ín. Nígbà tí wọ́n ní ká yáni lówó dandan, ta la sáré bá? Òṣìṣẹ́ ìjọba àti òṣìṣẹ́ ilé iṣẹ́ ńlá. Àwọn náà wà lára àwọn tí wọ́n ń ka náírà wọn sí kan ààbọ̀. Owó oṣù wọn ń wọ àkáǹtì lọ́dọ̀ wa, a ó ti yọ tiwa kí wọ́n tó jí. Iye tí wọ́n yá lápapọ̀ pọ̀ sí i lóòótọ́, àmọ́ ní ẹ̀ka tèmi, n ò rí onígàrí kankan nínú rẹ̀. Ní oṣù kẹrin 2024 wọ́n ti dín ìdá náà kù sí 50%.

Lọ́yà_Aké · Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 9:40 àárọ̀

Ẹ kú ìjókòó. Ọ̀rọ̀ C of O yẹn, ẹ má bínú sí ọmọbìnrin yẹn jù, mà. Láti ìgbà tí Òfin Lílo Ilẹ̀ ti jáde ní 1978 ni gbogbo ilẹ̀ ìpínlẹ̀ ti wà ní ìkáwọ́ gómìnà. Ẹ lè ní ilé o, ẹ lè ti gbé inú rẹ̀ fún ogún ọdún, àmọ́ bí ẹ bá fẹ́ fi í dúró fún gbèsè, gómìnà gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i.

Ohun tó bà báńkì lẹ́rù ni ẹjọ́ Savannah Bank àti Ajilo tó dé Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ ní 1989. Ọkùnrin náà fi ilé rẹ̀ dúró, ó yáwó. Nígbà tí báńkì fẹ́ ta ilé náà, ó lọ sí kóòtù, ó ní gómìnà ò fọwọ́ sí ìwé náà. Àwọn adájọ́ ní òótọ́ ló sọ, ìwé ìdógò náà ò dúró. Láti ìgbà yẹn, báńkì tó bá rí ilẹ̀ ìdílé tó jẹ́ pé rìsíìtì ọmọ onílẹ̀ nìkan ló wà lọ́wọ́ onílé, ẹjọ́ ló ń rí. Ìdí tí wọ́n fi ń béèrè ilé Èkó ni pé bí ọ̀rọ̀ bá dójú ẹ̀, wọ́n mọ̀ pé wọ́n á rí ẹni rà á. Ta ló fẹ́ ra ilé tí wọ́n gbà lọ́wọ́ opó ní àárín ẹbí ọkọ rẹ̀ ní Ìjẹ̀bú-Igbó? (Ẹ má bínú o, n ò sọ pé opó ni yín.)

Àmọ́ ọ̀nà mìíràn wà. Ní 2017, wọ́n ṣe òfin tó jẹ́ kí ohun tó ṣeé gbé dúró fún gbèsè: ẹ̀rọ, ọjà inú ilé ìkẹ́rù, ẹran ọ̀sìn, ire oko, títí kan owó tí oníbàárà jẹ yín. Ìwé àkọsílẹ̀ kan wà fún un lọ́dọ̀ CBN, National Collateral Registry. Ẹ̀rọ ìrẹgẹ́ yín lè wọ inú rẹ̀.

Gbéborùn · Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 9:52 àárọ̀

Kí ló dé tí àwọn tó ya fọ́tò ẹ̀rọ náà ò wá kọ ọ́ síbẹ̀? Òfin wà nílẹ̀, gàrí wà nínú ikùn.

Lọ́yà_Aké · Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 10:10 àárọ̀

Ẹ̀gbọ́n, ẹ ń dá mi lẹ́rìn-ín. Báńkì tó yáni lówó ló ń kọ orúkọ ẹ̀rọ síbẹ̀, ẹni tó yáwó kọ́. Kíkọ ọ́ síbẹ̀ ò sì sọ pé wọ́n gbọ́dọ̀ yáni. Ó kàn ń jẹ́ kí gbogbo ayé mọ̀ pé ẹ̀rọ yìí ti wà ní ìdógò ni, kí onítọ̀hún má tún fi yá owó níbòmíràn. Ohun tó ṣì kù ni ẹni tó máa ra ẹ̀rọ ìrẹgẹ́ àlòkù bí gbèsè bá há, àti iye tó máa rà á. Ọjà àlòkù wa ò ní ètò, òótọ́ ni. Mo kàn fẹ́ kí ìyá mọ̀ pé kí wọ́n béèrè rẹ̀ lẹ́nu wọn.

Ọmọ_Àjàṣẹ́ · Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 1:15 ọ̀sán

Ẹ̀yin ará Nàìjíríà, ẹ gbà mí láyè. Pọ̀tónóvò ní orílẹ̀-èdè Benin ni mo wà, Àjàṣẹ́ tiwa. Gbogbo yín ń sọ pé èlé ló pa yín. Lọ́dọ̀ wa, orílẹ̀-èdè mẹ́jọ tó ń ná sẹ́fà ìwọ̀ oòrùn ti fòfin de èlé: báńkì ò gbọdọ̀ gbà ju 15% lọ lọ́dún, báńkì kéékèèké ò gbọdọ̀ kọjá 24%. BCEAO, báńkì àgbà tiwa tó wà ní Dakar, ló ń ṣọ́ ọ.

Ẹ máa ní ọ̀run nìyẹn. Rárá o. Ìyá mi ń ta aṣọ ní Dantokpa láti ìgbà tí mo ti gbọ́njú, báńkì ò yá a lówó rí. Wọ́n mọ̀ pé ó léwu ju 15% lọ lójú tiwọn, wọn ò sì lè gba 30%, wọ́n kàn á pa ilẹ̀kùn dé ni. Àjọ ni wọ́n ń dá, tontine tiwa. Ìjọba gbé owó Alafia jáde ní 2020, orí fóònù ló ń wọlé, ẹgbẹ̀rún lọ́nà ọgbọ̀n sẹ́fà ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀. Ó dáa fún alátà. Ẹ̀rọ ìrẹgẹ́ ńkọ́?

Torí náà, ẹ má rò pé bí èlé bá ti wálẹ̀ lọ́dọ̀ yín, báńkì á sáré wá bá ìyá.

Ìyá_Alájẹṣẹ́kù · Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 4:30 ìrọ̀lẹ́

Èmi ò mọ CRR, n ò mọ MPR. Ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù wa ní Òṣogbo, ìlọ́po méjì ohun tí o bá ti fi pamọ́ ni a ń yá ọ. O ní mílíọ̀nù kan, o yá méjì. Náírà kan lórí ọgọ́rùn-ún lóṣù. Onídùúró méjì látinú ẹgbẹ́, wọ́n á jọ fọwọ́ sí i pẹ̀lú rẹ. C of O tiwa ni pé a mọ ilé rẹ, a mọ ṣọ́ọ̀ṣì rẹ, a mọ ìyàwó ọmọ rẹ. Ní ayé àtijọ́, ológò á wá jókòó sẹ́nu ọ̀nà onígbèsè, kò ní lọ àfi tí wọ́n bá san án. Àwa ò ránṣẹ́ pe ológò, àmọ́ lọ́jọ́ ìpàdé, gbogbo wa á gbọ́ orúkọ rẹ.

Ìyá Onígàrí, ẹ fi báńkì sílẹ̀ fún wọn.

Ìwé_Owó · Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 5:05 ìrọ̀lẹ́

Mà, mo bọ̀wọ̀ fún ẹgbẹ́ yín. Àmọ́ láti yá mílíọ̀nù mẹ́fà lọ́dọ̀ yín, ó gbọ́dọ̀ ti ní mẹ́ta nílẹ̀. Bí ó bá sì tó àkókò ọdún iléèwé, tí ogójì ènìyàn fẹ́ yáwó pọ̀, ẹ ó pín nǹkan tó wà lọ́wọ́ ni. Ètò yín dáa fún ẹni tó ti ń fowó pamọ́ tipẹ́, kò lè gba ẹni tó nílò rẹ̀ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀.

Ìyá_Alájẹṣẹ́kù · Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 5:20 ìrọ̀lẹ́

Òun náà ti fi oṣù mẹ́rin dúró de Mọ́ńdè.

Ṣàkẹ́ẹ̀ṣì_9 · Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 9:11 alẹ́

Kí ló ń dà yín láàmú? Ẹ wa áàpù sórí fóònù, ìṣẹ́jú márùn-ún, owó ti dé. Ẹ máa gba kékeré, ẹ san, wọ́n á máa fi kún un.

Ọ̀gá_Kírẹ́díìtì · Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 9:18 alẹ́

Ẹ jọ̀ọ́, kí ìyá má gbọ́ tèyí. Owó ọjọ́ mẹ́rìnlá lẹ fẹ́ fi ra ẹ̀rọ tó máa lò tó ọdún mẹ́wàá? Ẹ ò tíì rí èrè ẹ̀rọ náà kí ọjọ́ ìsanwó tó pé. Bí ẹ bá sì pẹ́, àwọn kan lára wọn á máa fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí gbogbo ẹni tó wà nínú fóònù yín pé olè ni yín. Láti 2020 sì ni CBN ti gbé ètò GSI kalẹ̀: ẹni tó bá jẹ báńkì lówó, wọ́n lè fi BVN rẹ̀, nọ́ńbà tí gbogbo báńkì fi mọ̀ ọ́n, wá gbogbo àkáǹtì rẹ̀ ní báńkì yòówù kó jẹ́, kí wọ́n sì yọ owó náà. Gbèsè ò sá pamọ́ mọ́.

Onígàrí_Ìgbó · Ọjọ́bọ̀, 6:48 àárọ̀

Ẹ ṣeun, ẹ ṣeun gan-an. Mo ka gbogbo rẹ̀ fún àwọn obìnrin tó ń bá mi ṣiṣẹ́ níbi tí wọ́n ti ń sẹ́ gàrí, wọ́n ní kí n bi Ọmọ_Àjàṣẹ́ bóyá wọ́n ń fi gàrí wa mu omi lọ́hùn-ún.

Ẹ béèrè àkáǹtì tí owó ń wọ̀. Ojú ń tì mí láti sọ. Àwọn oníbàárà Èkó, àkáǹtì ọmọ mi obìnrin ni wọ́n ń sanwó sí, torí ó máa ń yára rí alẹ́ẹ̀tì ju èmi lọ. Ti Òkè-Àgbò àti ti Orù, owó ọwọ́ ni, láti ibẹ̀ ni mo ti ń sanwó ẹ̀gẹ́ àti owó òṣìṣẹ́, ìyókù ni mò ń kó lọ sílé. Àkáǹtì tí mo gbé lọ fún báńkì, iye tó wọ ọ́ ní oṣù mẹ́fà kò tó owó gàrí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta.

Ẹnì kan kọ̀wé sí mi níkọ̀kọ̀ pé kí n lọ wo orúkọ mi lọ́dọ̀ àwọn tó ń kọ àkọsílẹ̀ gbèsè. N ò mọ̀ pé irú wọn wà. Ọmọ mi bá mi ṣe é lórí fóònù lánàá. A rí i níbẹ̀: 2021, mo yá ẹgbẹ̀rún lọ́nà ogójì lórí áàpù nígbà tí ọkọ mi wà nílé ìwòsàn. Mo rò pé mo ti san án tán. ₦3,700 ló kù, wọ́n sì kọ ọ́ síbẹ̀ pé n ò san. ₦3,700! Ìdajì àpò gàrí ò tó bẹ́ẹ̀ ni?

Ọ̀gá_Kírẹ́díìtì · Ọjọ́bọ̀, 7:30 àárọ̀

Ó tán! Ìdí tí Mọ́ńdè ò fi dé nìyẹn. Kí ìwé tó kúrò ní ẹ̀ka ni wọ́n ti ń wo àkọsílẹ̀ yẹn. Mẹ́ta ni àwọn tó ń kọ ọ́: CRC, FirstCentral àti CreditRegistry. Òfin àkọsílẹ̀ gbèsè ti 2017 fún oníkálukú láǹfààní láti wo tirẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́ lẹ́ẹ̀kan lọ́dún. Ẹ san ₦3,700 yẹn lónìí, ẹ gba ìwé pé ẹ ti san án tán lọ́wọ́ ilé iṣẹ́ áàpù náà, ẹ wá ní kí wọ́n tún àkọsílẹ̀ ṣe. Ẹ má fọ̀rọ̀ ẹnu parí rẹ̀.

Ìwé_Owó · Ọjọ́bọ̀, 7:44 àárọ̀

N ò gbà pé ₦3,700 ló pa á, ọ̀gá. Mo ti rí ìwé tí gbèsè inú rẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ tó kọjá, torí pé àkáǹtì onítọ̀hún lágbára. Sítétímẹ́ǹtì yẹn gan-an ni. Ẹni tó béèrè mílíọ̀nù mẹ́fà, tí nǹkan bíi mílíọ̀nù kan ò tíì gba inú àkáǹtì rẹ̀ kọjá, kí ni ìgbìmọ̀ fẹ́ fi gbèjà ara wọn?

Ọ̀gá_Kírẹ́díìtì · Ọjọ́bọ̀, 7:50 àárọ̀

Ó lè jẹ́ méjèèjì. Ti gbèsè ni wọ́n kọ́kọ́ máa rí, kí wọ́n tiẹ̀ tó dé orí sítétímẹ́ǹtì.

Mà, ẹ gba POS sórúkọ iṣẹ́, ẹ gbé e sí ibi tí ẹ ti ń ta gàrí. Kí àwọn ará Èkó máa sanwó síbẹ̀, kí owó ọwọ́ náà máa wọ báńkì kó tó jáde, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀sán ọjọ́ yẹn lẹ máa yọ ọ́ san fún ẹlẹ́gẹ̀ẹ́. Ẹ fún un ní oṣù mẹ́fà. Ẹ lọ forúkọ iṣẹ́ sílẹ̀ ní CAC bí ẹ ò bá tíì ṣe é. Bí ẹ bá tún padà lọ, ẹ má béèrè mẹ́fà. Owó ẹ̀rọ nìkan ni kí ẹ béèrè.

Àlùfáà_Ìwó · Ọjọ́bọ̀, 11:02 àárọ̀

Báńkì tí kì í gba èlé náà wà o. Jaiz bẹ̀rẹ̀ ní 2012, TAJBank àti Lotus tẹ̀ lé e. Wọ́n lè ra ẹ̀rọ fúnra wọn kí wọ́n tà á fún yín ní owó tí ẹ ti jọ fẹnu kò lé, kí ẹ máa san án díẹ̀díẹ̀. Kì í ṣe ti Mùsùlùmí nìkan. Àmọ́ wọn ò sí ní gbogbo ìlú, wọ́n á sì béèrè ohun ìdúró.

Oníṣirò_Kékeré · Ọjọ́bọ̀, 2:37 ọ̀sán

Mo ń ṣiṣẹ́ ní báńkì kéékèèké, torí náà ẹ gbọ́ èyí lẹ́nu mi kí ẹ tó fọwọ́ síwèé lọ́dọ̀ irú wa. Ìyá, bí wọ́n bá sọ iye èlé fún yín, ẹ bi wọ́n: ṣé orí gbogbo owó ni àbí orí èyí tó kù?

Ẹ jẹ́ ká fi mílíọ̀nù kan ṣe é, oṣù méjìlá. Ẹnì kan ní 3% lóṣù lórí èyí tó kù. Ẹ máa san bíi ₦100,500 lóṣù, gbogbo èlé rẹ̀ kò ju bíi ₦205,500 lọ. Ẹnì kejì ní 5% lóṣù lórí gbogbo owó. Ẹ ó rò pé 2% ló fi ju ti àkọ́kọ́ lọ. ₦133,333 lẹ máa san lóṣù, èlé rẹ̀ ₦600,000. Ìdí ni pé ní oṣù kọkànlá tí ẹ ti san ọ̀pọ̀ rẹ̀ padà, ẹ ṣì ń san èlé mílíọ̀nù kan gbáko. Bí ẹ bá tún un ṣírò lórí èyí tó kù, ó ju 8% lọ díẹ̀ lóṣù. Ẹ tún fi owó fọ́ọ̀mù àti owó ìpamọ́ tipátipá tí wọ́n á kọ́kọ́ yọ kún un.

Gàrí wo ló ń mú èrè yẹn wá?

Gbéborùn · Ọjọ́bọ̀, 2:50 ọ̀sán

Ẹ wò ó, ẹni tó ń ṣe é náà ló ń sọ ọ́. Kí Ọlọ́run bù kún ẹ, àbúrò. Má jẹ́ kí ọ̀gá ẹ rí èyí o.

Bàbá_Ṣàgámù · Ọjọ́bọ̀, 7:05 alẹ́

Gbogbo yín ń sọ̀rọ̀ bí ẹni pé òní ni ó bẹ̀rẹ̀. Báńkì òyìnbó ti wà ní Èkó láti àwọn ọdún 1890, àwọn oníṣòwò òyìnbó ni wọ́n sì ń yá. Aláwọ̀ dúdú tó bá lọ síbẹ̀, wọ́n á ní kò ní ohun ìdúró. Ìdí tí àwọn bàbá wa fi dá tiwọn sílẹ̀ nìyẹn: National Bank ní 1933, Agbonmagbe tí Olóyè Okupe dá sílẹ̀ ní 1945, òun ló di Wema lónìí. Nígbà náà náà, ẹjọ́ ilẹ̀ àti àìsí àkọsílẹ̀ ni wọ́n fi ń dáni dúró.

Àmọ́ ẹ jẹ́ ká sọ tiwa náà. Ìjọba gbé owó àgbẹ̀ jáde ní 2015, Anchor Borrowers. Mo wà níbi ìpàdé kan tí àwọn ènìyàn ti ń pín in bí owó ìdìbò. Mélòó ló san án padà? Nígbà tí Cardoso di gómìnà CBN ní 2023, ó ní àwọn ò ṣe irú owó bẹ́ẹ̀ mọ́. Ẹni tó bá yá ẹgbẹ̀fà tí kò san, ó ti bẹ́gi dí ọ̀nà ẹgbẹ̀fà mìíràn. Kì í ṣe ọ̀nà tirẹ̀ nìkan ló dí, ti ìyá onígàrí tí ò gbà nínú rẹ̀ náà ló dí.

Gbéborùn · Ọjọ́bọ̀, 7:12 alẹ́

Bàbá, àwọn tó kó tirílíọ̀nù jẹ ò bẹ́gi dínà. Wọ́n ń wakọ̀ kọjá ni.

Onígàrí_Ìgbó · Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 9:26 alẹ́

Mo ti san ₦3,700 yẹn. Wọ́n tún ní ó ti lé sí i, ₦9,150 ni mo san lápapọ̀, mo sì gba ìwé. Ọmọ mi ti tẹ̀ ẹ́ jáde, mo fi sínú Bíbélì kó má bàa sọnù.

POS ti wọlé láàárọ̀ àná. Oníbàárà Èkó kan bínú pé kí ló dé tí mo fi yí àkáǹtì padà, ó rò pé oníjìbìtì ló gba fóònù mi. Mo ní láti pè é kí n sì kọ orin ìjọ wa fún un kó tó gbà pé èmi ni. Láàárọ̀ yìí, ₦412,000 ti gba ibẹ̀ kọjá. Ọwọ́ mi ò bá a sùn, ó ti lọ sọ́dọ̀ ẹlẹ́gẹ̀ẹ́, àmọ́ ó ti wọ ìwé.

Ẹ̀rọ kejì á dúró di oṣù kẹfà sí ìsinsìnyí. Mo ti wọ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù àwọn ìyá tó wà ní ẹ̀gbẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì wa. Jáàkì ni mi ò lè dúró dè, ọ̀kan nínú méjèèjì ti ń jo epo. Ta ló mọ ẹni tó ń ta jáàkì àlòkù ní Àgọ́-Ìwòyè tàbí Òde?

Ìyá_Alájẹṣẹ́kù · Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 9:40 alẹ́

Ọ̀kan wà lọ́dọ̀ àbúrò mi ní Ìjẹ̀bú-Òde, ó ti dáwọ́ gàrí dúró. Ẹ kọ̀wé sí mi. Kí ẹ tó sanwó, ẹ fi fún ẹ̀gẹ́ wò níṣojú ara yín o, ẹbí kò kan tibẹ̀.